Akọrin-má-mí àti Elégbè Rẹ̀

Ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ láàbọ̀ o. Ẹ kà á dé òpin, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ìyìn bá ti ń gùn lórí.

1.
Ní nǹkan bí ọdún 1993, Sẹ̀gilọlá, ọmọ Iléṣà, ni ìràwọ̀ ẹgbẹ́ eléré kan ní Òṣogbo. Inú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló ti kọ́ orin. Eré kan wà tí wọ́n máa ń ṣe, níbi tí olorì tí wọ́n lé kúrò láàfin ti ń kọrin ìdágbére lẹ́nu ibodè. Ìlà kan nínú orin náà gùn bí ọ̀nà Ìbòkun. Bí Sẹ̀gilọlá bá ti gbé e, òǹwòran á máa wo àyà rẹ̀ bóyá yóò mí. Wọn ò ní í rí i kó mí. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Akọrin-má-mí nìyẹn.

Irọ́ ni o, ó ń mí. Sikirat, elégbè tó máa ń dúró lẹ́yìn rẹ̀, ló máa ń rọra gba ohùn náà lẹ́nu rẹ̀, tí yóò gbé e dání títí Sẹ̀gilọlá yóò fi fa èémí, tí yóò sì dá a padà fún un. Ohùn wọn jọra débi pé etí kò lè yà wọ́n. Bàbá Béjidé, ọ̀gá ẹgbẹ́, ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe jìbìtì, bí iṣẹ́ orin ṣe rí nìyẹn.

2.
Ẹ̀yin náà mọ bí ìyìn ṣe ń pa èèyàn bí ọtí. Sẹ̀gilọlá gbọ́ Akọrin-má-mí títí, òun náà gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ṣeré tán nítòsí Ọjà Ọba, ìyá àgbà kan kọjá lára rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i, ó lọ di Sikirat lọ́wọ́ mú.

"Ìwọ ọmọ yìí, etí mi ò purọ́ fún mi. Ìwọ ni mò ń gbọ́."

Inú bí Sẹ̀gilọlá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó wà níwájú Bàbá Béjidé.

"Bàbá, ẹ lé Sikirat lọ."

"Sẹ̀gi, ta ni yóò wá gbà á lẹ́nu rẹ?"

"Ṣé òun ló ń bá mi kọrin ni? Bó bá máa tẹ̀lé wa lọ síbi eré tí a fẹ́ lọ ṣe ní Iléṣà, èmi ò lọ."

Fíìmù fídíò ti gba òǹwòran lọ́wọ́ ẹgbẹ́ náà, orin yìí ló kù tí èèyàn fi ń wá. Àwòrán Sẹ̀gilọlá sì ti wà lára pósítà káàkiri Iléṣà. Bàbá lé ẹni tí kò ṣẹ̀.

3.
Sikirat lọ kúnlẹ̀ fún Sẹ̀gilọlá.

"Àǹtí mi, ẹ jẹ́ n dúró sẹ́yìn aṣọ ìkélé. Kò sẹ́ni tó máa rí mi. Ìlà yẹn ju agbára ẹnì kan lọ."

"Agbára tìẹ ló jù."

Nígbà tí wọ́n ń ṣe ríhásà, wọ́n dé ìlà náà, Sẹ̀gilọlá fò ó. Ó ní òun ò fẹ́ fi ohùn òun ṣòfò. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ti ń bà á díẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ọ́ fún?

4.
Lọ́jọ́ eré, gbọ̀ngàn kún ní Iléṣà. Ìyá Sẹ̀gilọlá, Màmá Julianah, jókòó síwájú pẹ̀lú àwọn obìnrin ìjọ, ó ń nàka sórí ìtàgé, "Ọmọ mi rèé."

Sẹ̀gilọlá gbé ìlà náà. Ó dé ibi tí Sikirat ti máa ń gbà á, kò sẹ́ni tó gbà á. Iṣan ọrùn rẹ̀ yọ, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìgbà náà ni ohùn kan dìde láti ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, ó bá a gbé e. Sikirat ni. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ ló fi wọkọ̀ tẹ̀lé wọn láti Òṣogbo, tó jókòó sáàárín èrò. Àwọn èèyàn rò pé ara eré ni, orí wọn wú. Ohun tó kù fún Sẹ̀gilọlá kò ju kó mí, kó sì máa bá orin rẹ̀ lọ.

Ó gé orin náà. Ó nàka sáàárín èrò.

"Ẹ ti ọmọ yẹn síta. Èmi ò nílò elégbè."

Sikirat dá orin dúró. Sẹ̀gilọlá wá fi ìbínú bẹ̀rẹ̀ ìlà náà lákọ̀tun, ó gbé e ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò tíì dé àárín tí nǹkan fi já lọ́fun rẹ̀. Ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ kàn ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Màmá Julianah fi etí ìborùn bo ojú, àánú ìyá yẹn ló ṣe mí jù.

5.
Dókítà tọ́jú rẹ̀. Ohùn ọ̀rọ̀ padà, ohùn orin kò padà títí dòní. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi, ẹ ó rí i nínú ìjọ ìyá rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì bí wọ́n bá ń kọrin, kò sí ohun tó ń jáde.

Bàbá Béjidé lọ bẹ Sikirat pé kó wá ṣe olorì nínú eré náà. Ìbéèrè kan péré ni Sikirat bi í kó tó gbà.

"Bàbá, ta ni yóò máa gbà á lẹ́nu mi?"

Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ náà fún Sẹ̀gilọlá. Ó sunkún, ẹkún náà kò sì ní ohùn.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo kìlọ̀ fún yín. Ẹni tó ń gbè yín lẹ́yìn, ẹ má lé e nítorí pé ẹnì kan yìn ín. Bó bá sì na ọwọ́ sí yín lọ́jọ́ ìtìjú, ẹ gbà á, ẹ má wo ojú ayé. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àjèjì ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.