Ẹni Tó Tó Ikú Kú

Ṣójà kékeré kan wà tí àléébù rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: bó bá ti fi ẹnu borí ẹnìkan, ó gbà pé òótọ́ ti di tòun nìyẹn. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni. Lọ́yà ni gbogbo bárékè ń pè é, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn. Ara rẹ̀ kì í balẹ̀. Bó bá jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ á máa gbọ̀n lábẹ́ tábìlì. Bó bá dùbúlẹ̀, á tún dìde, á rìn yí iyàrá ká, á jí ẹni tó ti ń sùn kó lè bá a jiyàn.

Ohun tó ń dùn ún jù ni òfin bárékè tó ní ṣójà tí kò bá tí ì pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún kò gbọdọ̀ fẹnu kan ọtí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀, wà ní bárékè yẹn kan náà, òun ló ń tún ẹ̀rọ omi ṣe. Ẹ̀gbọ́n yìí ti dàgbà tó ẹni tó lè mu ún, kì í sì í mu ún. Ọwọ́ rẹ̀ ni ìyá wọn fi Lọ́yà lé lọ́jọ́ tí ọmọ náà wọṣẹ́. "Mú un padà wá fún mi o," ni ìyá wí. Ojoojúmọ́ ni Lọ́yà ń lọ ṣàròyé fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n kó ìbọn lé wa lọ́wọ́, wọ́n ní a ò lè gbé ife. Ṣé ẹ gbọ́ irú ẹ̀ rí?"

"Mo gbọ́. Mi ò lè bá ọ jiyàn, ẹnu rẹ ju tèmi lọ. Ṣáà jẹ́ kí n de nọ́ọ̀tì yìí tán."

Nígbà tí ọ̀gá àgbà bárékè pe ìpàdé, tó ní kí àwọn kékeré náà sọ tẹnu wọn, Lọ́yà ló kọ́kọ́ dìde.

"Ẹ̀yin ọ̀gá wa, bí mo bá kú sójú ogun lọ́la, kò sẹ́ni tó máa béèrè ọjọ́ orí mi kó tó bò mí mọ́lẹ̀. Ẹni tó tó ikú kú, ṣé kò tó ọtí mu ni?"

Àtẹ́wọ́ sọ. Ọ̀rọ̀ náà dùn, a ò ní purọ́. Ọ̀gá àgbà pàápàá rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n dán an wò: kí àwọn ọ̀dọ́ máa mu ní kantín lẹ́yìn iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mu kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́. Sájẹ́ńtì àgbàlagbà kan kùn lẹ́yìn pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Láti ọjọ́ náà, Lọ́yà ò kúrò ní kantín mọ́. Kì í ṣe pé ọtí náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu; ó korò, ojú rẹ̀ a máa fà pọ̀ bó ṣe ń gbé e mì. Ó ń mu ún bí ẹni tó ń gbẹ̀san ni.

Lóru ọjọ́ kan, àwọn olè gé wáyà ọgbà, ọkàn gbogbo bárékè ò sì balẹ̀ mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Lọ́yà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti kantín bọ̀ nígbà tó pàdé sájẹ́ńtì yẹn lọ́nà. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì ẹ̀yìn ti bẹ̀rẹ̀ sí í bì, àìsàn ti kì í mọ́lẹ̀.

"Lọ́yà, ìwọ lo máa dípò ẹ̀. Ṣó o ti mu?"

Ẹ wo bí ìdáhùn náà ti rọrùn tó. Bó bá ní òun ti mu, kò sẹ́ni tó máa bá a wí. Òfin tuntun gbè é. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé wọ́n á ní, "Àbí a ò wí? Ọmọdé ò tó o." Ó rọra ju súìtì sẹ́nu, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Rárá, sà."

Ní bárékè yẹn, ọ̀rọ̀ àṣírí kan ni wọ́n ń yàn lójoojúmọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú gbọ́dọ̀ sọ ọ́, kò sì gbọdọ̀ dárúkọ ara rẹ̀, torí olè náà lè mọ orúkọ. Etí ni ẹ̀ṣọ́ fi ń gbà á, á sì pè é padà. Sájẹ́ńtì sọ ọ́ sí i létí: "Ọkọ́." Lọ́yà ti gbé orí sá kí èémí rẹ̀ má baà kan ọ̀gá rẹ̀, "ọkọ̀" ló gbọ́. Ó fi súìtì ẹnu kùn ún padà, sájẹ́ńtì sì rò pé ohun tí òun wí ló pè. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú ni òjò dé. Páànù ilé ẹ̀ṣọ́ ń pariwo. Lọ́yà ò lè dúró lójú kan; ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń na ìbọn sí igbó tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ti odò bọ̀, níbi tó ti lọ tún ẹ̀rọ omi ṣe, ó gbé irin gígùn kan lé èjìká.

"Ta nìyẹn? Sọ ọ̀rọ̀!"

"Ọkọ́."

Lọ́yà na ìbọn sí i. Ọkọ̀ ló ń retí. "Tún un sọ!"

"Ọkọ́ ni mo wí," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dáhùn nínú ariwo òjò, ó sì ń bọ̀. Kò mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀ṣọ́.

Ẹni tí ojú rẹ̀ dá ì bá rò ó pé ọ̀rọ̀ méjèèjì fẹ́ jọra, ì bá ní kí ọkùnrin náà dúró kó gbọ́wọ́ sókè. Lọ́yà ò rò ó. Ó yìnbọn.

Nígbà tó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ojú tó mọ̀ ló rí.

"Àbúrò, ṣé ìwọ ni?" ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ béèrè, kò sì sí ìbínú kankan nínú ohùn rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti kú.

Wọ́n gbé Lọ́yà lọ sílé ẹjọ́ ológun. Wọ́n bọ́ aṣọ ṣójà lára rẹ̀, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n ọlọ́jọ́ gbọọrọ. Ìyá rẹ̀ a máa wá wò ó. Kì í bú u. Á kó ọṣẹ fún un, á jókòó, á máa wò ó. Lọ́jọ́ kan, bó ṣe ń dìde láti lọ, orúkọ ẹ̀gbọ́n ló fi pè é, ó ní kó máa jẹun dáadáa.

"Mo gbọ́, Ìyá mi," ni Lọ́yà dáhùn. Kò tún orúkọ náà ṣe.

Ẹ̀kọ́ ìtàn yìí kì í ṣe pé irọ́ ni Lọ́yà pa ní ìpàdé. Bóyá òótọ́ ni, bóyá ẹni tó tó ikú kú ti tó ọtí mu. Kí àwọn aṣòfin máa bá ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n ẹnu tó gba ẹ̀tọ́ wálé kọ́ ló ń gbé ẹ̀tọ́ náà dúró. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá gbà yín láyè nǹkan, ẹ má fi irọ́ gbè é lẹ́sẹ̀, torí àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ẹni tó bá ní òun ti tó ọtí mu, kó kọ́kọ́ tó ẹni tó lè sọ pé, "Mo ti mu, ẹ gba ìbọn yìí lọ́wọ́ mi."