Kọ̀ǹpútà Mẹ́rin Tó Kọ̀, Tí Wọn Ò Dá Ara Wọn Lóhùn

Inú Bàbá Wáyà ń dùn ṣìnkìn láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ ọ̀gá nílé iṣẹ́ omi, ló pè é lórí fóònù pé àwọn kọ̀ǹpútà àtijọ́ mẹ́rin tó ń darí ẹ̀rọ tó ń fa omi tún ti kọ̀, wọn ò dìde. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí bàbá ti fẹ̀yìn tì, síbẹ̀ oṣù kan kì í lọ kí wọ́n má pè é. Ó fá irùngbọ̀n, ó wọ bàtà tó ń dán, ó sì ń súfèé títí dé ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ náà kì í kúkú ṣe ti kọ̀ǹpútà nìkan. Láti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú ni àwọn ọmọ ti ń fẹ́ kó kó lọ sọ́dọ̀ àkọ́bí wọn. Àdéhùn tí wọ́n jọ ṣe ni pé ọjọ́ tí kò bá lè tún àwọn kọ̀ǹpútà yìí ṣe mọ́, ọjọ́ náà ni yóò fi kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sílẹ̀.

Ọmọ rẹ̀ ti ń dúró dè é. Obìnrin kan jókòó sí igun yàrá náà, ó mú ìwé àti bírò dání.

"Àlejò láti orílé-iṣẹ́ ni wọ́n," ni ọmọ náà wí. "Wọ́n fẹ́ wo bí ẹ ṣe ń ṣe é. Bàbá mi, tó bá fi máa di aago mẹ́wàá tí àwọn kọ̀ǹpútà ò dìde, kò ní sí omi nílùú mọ́ o."

"Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣì kù. Fa àga kan, kó o jókòó tì mí."

Ọmọ náà pa fóònù rẹ̀, ó sì jókòó.

Bàbá yíjú sí àlejò. "Ẹbí kan náà ni àwọn kọ̀ǹpútà yìí, mà. Bí wọ́n bá ń jí, wọ́n á kọ́kọ́ pe ara wọn. Tí ẹnì kan ò bá dáhùn, àwọn yòókù á kàn jókòó, wọ́n á máa retí ẹ̀."

Ó tan iná tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn wọn, ó wò ó, ó kùn díẹ̀, ó sì dìde. Ọ̀dọ̀ èyí tó dàgbà jù ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó fọwọ́ tọ wáyà rẹ̀ láti ìdí dé orí. Ó tú ìkejì, ó nu inú rẹ̀, ó tún un dè. Ó yẹ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ ara wọn wò, bóyá méjì ń jẹ́ nọ́ńbà kan náà. Láàárín gbogbo rẹ̀, ó ń sọ̀tàn alángbá tó wọnú ìkejì lọ sùn lọ́dún kan, tí ọ̀gá àgbà fi tọrọ omi ìwẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò. Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa ọmọ rẹ̀.

"Ẹ ò sọ èyí fún mi rí."

"Ìgbà wo lo jókòó?"

Àlejò wo aago ọwọ́ rẹ̀.

"Sùúrù ni baba ìwà, mà," ni bàbá wí, ó sì wá sún mọ́ ìkẹta. Wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ ti yọ díẹ̀, kò ju èékánná lọ. Ó tì í wọlé, ó pa gbogbo wọn, ó sì tàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti orí ẹ̀gbọ́n dé orí àbúrò. Wọ́n pe ara wọn, wọ́n sì dá ara wọn lóhùn. Àwọn òṣìṣẹ́ tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pàtẹ́wọ́, ọmọ rẹ̀ sì dì mọ́ ọn.

Àlejò kọ nǹkan sínú ìwé. "Ogún ìṣẹ́jú, bàbá. Ẹ káre."

"Kọ́kọ́rọ́ yín ṣì jẹ́ tiyín," ni ọmọ náà wí tayọ̀tayọ̀.

"Wọ́n á tún bàjẹ́ lóṣù tó ń bọ̀," ni bàbá wí. "Mo mọ̀ wọ́n."

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé e lọ sílé, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ fa àwọn wáyà náà nígbà èwe, ó sì ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń wí pé, "Dókítà ni wọ́n gbé wá lónìí tí wọ́n ní àlejò ni, ọdún mẹ́ta rèé tí àwọn kọ̀ǹpútà yẹn ti fa omi fún èèyàn gbẹ̀yìn, ìṣẹ́jú kìíní ni mo sì ti rí wáyà tí ọmọ mi fà yọ láti fi dán ọpọlọ mi wò, àmọ́ tí mo bá tètè tì í padà, ibo ni mo tún ti máa rí i kó jókòó tì mí fún odindi ogún ìṣẹ́jú?"