Ìbéèrè Tó Rọrùn

Bàbá mi ń wo ìwé ìròyìn. Àwòrán Bàbá fúnra wọn ló wà lójú ewé àkọ́kọ́.

"Ọmọ mi, ṣebí ìdánrawò lo pè é?"



Ìdánrawò ni lóòótọ́. Oṣù kejì rèé tí mo ń kọ́ iṣẹ́ ìròyìn. Olólùfẹ́ mi, àgbà akọ̀ròyìn tí ohùn rẹ̀ ń mú ọkàn mi yọ́ bí òrí, ló ń kọ́ mi bí a ṣe ń fọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò.

"Adúmáradán mi, ìbéèrè tó rọrùn ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ni náà bá dáhùn tán, ìwọ dákẹ́. Fúnra rẹ̀ ni yóò sọ èyí tó kù. Lọ fi bàbá dánra wò."

Mo tan fóònù kó máa gba ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dẹ ní iléeṣẹ́ fóòmù tó jóná yẹn?"

Wọ́n dáhùn. Mo dákẹ́.

Bàbá mi bú sẹ́kún. "Ọ̀gá ló ní kí n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Nígbà tí iná sọ, kọ́kọ́rọ́ bọ́ sọnù lọ́wọ́ mi. Má sọ fẹ́nì kankan o."

Olólùfẹ́ mi nìkan ni mo jẹ́ kó gbọ́ ohùn náà, pé kó bá mi máàkì í.

Orúkọ tirẹ̀ ló wà lábẹ́ ìròyìn tí Bàbá ń wò yìí.

Àwọn ọlọ́pàá ti ń kan ilẹ̀kùn.

Mo wá rántí ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé. Kò tíì béèrè orúkọ mi. Ó kàn rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Arẹwà, níbo ni bàbá yín ti ń ṣiṣẹ́?"

Mo dáhùn. Ó dákẹ́.

Mo ṣe bí ọ̀nà ilé àna rẹ̀ ló ń wá.