Àkàbà Tí Wọ́n Kùn Lọ́dà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ fi sílẹ̀. Ẹ kà á tán, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó ń gun àkàbà ṣiṣẹ́.

1. Germain, ará Williamsville, ni ọ̀gá àwọn akunlé kan. Émile tó fẹ́ Inès, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ló ń bá a ṣiṣẹ́. Ilé etí òkun ní Port-Bouët ni wọ́n sábà máa ń kùn. Germain ní àkàbà gígùn kan tó fi ń yangàn.

"Alumíníọ̀mù líle ni, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Kì í dípẹtà."

Torí pé ó gbà pé kì í dípẹtà, etí òkun níbẹ̀ ló ń sùn, nínú afẹ́fẹ́ iyọ̀. Ẹnikẹ́ni ò fi omi ṣàn án rí.

2. Bí ọdún tuntun bá ti ń bọ̀, Germain a ní kí wọ́n kun gbogbo irinṣẹ́, kí oníbàárà lè rò pé tuntun ni. Lọ́dún kan, Émile ń nu àkàbà, ó rí ìyẹ̀fun funfun lára rẹ̀, irú èyí tó máa ń yọ bí iyọ̀ bá ń jẹ alumíníọ̀mù. Ó nù ún kúrò. Ìlà tín-ín-rín bí irun wà lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. Ó ti ń sán níbí."

"Ó kàn họ lásán ni."

"Ó máa ń dún tí mo bá gùn ún."

"Atiéké ẹ̀gẹ́ tí Inès sè fún ẹ ló ń dún nínú rẹ. Fi mástíkì tá a fi ń dí ihò ògiri dí i, kí o kùn ún."

Émile rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó ẹni ti sọ̀rọ̀, ta ló máa tún un sọ? Ó dí i, ó kùn ún. Àkàbà ń dán.

Àmọ́ ọ̀dà kì í so nǹkan pọ̀. Gbogbo ìgbà tí Émile bá gùn ún, ibẹ̀ a tún là díẹ̀, iyọ̀ a wọlé, a máa jẹ ẹ́ lọ.

3. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Émile wà lókè pátápátá, àkàbà dá. Kí wọ́n tó gbé e dé ilé ìwòsàn, ó ti kú.

Èmi tí mò ń sọ ìtàn yìí rí ojú ibi tó dá. Apá tó pọ̀ jù ti dúdú, ó ti là tipẹ́. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, tó ṣì ń dán, ni gbogbo ohun tó gbé ọkùnrin yẹn dúró.

Germain ń sunkún. "Inès, iṣẹ́ Ọlọ́run ni."

Inès pọn ọmọ mọ́ ẹ̀yìn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, Ọlọ́run kọ́ ló ní kó kùn ún."

Látìgbà náà, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Ẹ gbọ́ o. Ohun tó bá sán, ẹ má kùn ún, ẹ gbé e jù nù. Irinṣẹ́ etí òkun, ẹ máa fi omi tí kò níyọ̀ fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin àbúrò, tí àgbà ò bá gbọ́, ẹ tún un sọ. Ògiri tó bá lanu ni aláǹgbá ń wọ̀.