Àga Tó Wà Lápá Òsì

Olùkọ́ àgbà bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀ sórí tábìlì kó tó dáhùn, èyí kì í sì í ṣe àmì rere. Obìnrin tó jókòó síwájú rẹ̀ ti ṣe nọ́ọ̀sì tipẹ́ kó tó padà sílé ẹ̀kọ́ gíga. Ó fẹ́ ṣèwádìí lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀. Ọ̀nà tí yóò gbà ṣe é ló kù tí wọn ò tíì fẹnu kò lé lórí.

"Ojú lọ̀rọ̀ wà," ni olùkọ́ wí. "Lọ bá wọn sọ̀rọ̀, kó o gbọ́ tẹnu wọn. Kí ló dé tó o kàn fẹ́ jókòó máa wò wọ́n?"

"Aláìsàn kì í fẹ́ sọ òótọ́ nípa ẹni tó ń tọ́jú ẹ̀, sà. Tí mo bá jókòó tí mi ò dá sí nǹkan kan, màá fojú ara mi rí i."

"Ẹni tó bá mọ̀ pé wọ́n ń wo òun kì í hùwà bó ṣe ń hù ú tẹ́lẹ̀."

"Wọ́n á gbàgbé mi tó bá yá, sà."

Olùkọ́ gbà fún un. Òfin ọ̀nà náà ò lọ́jú pọ̀: kò gbọdọ̀ bá aláìsàn sọ̀rọ̀, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án títí iṣẹ́ yóò fi parí.

Ohun tí obìnrin náà kò sọ ni pé baba òun wà ní wọ́ọ̀dù ilé ìwòsàn tóun ti fẹ́ ṣe é. Nígbà tó lóun fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì ni baba yìí lé e jáde nílé, ó ní ọmọ òun ò ní máa fọ̀dí àjèjì jẹun, kó má jẹ́ kóun fojú kàn án mọ́. Ẹbí bẹ̀ ẹ́ títí, wọ́n ní téèyàn bá fọwọ́ òsì bá ọmọ wí, á fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Kò gbọ́. Ní báyìí, ọwọ́ ọ̀tún náà ti rọ. Ó wu ọmọ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á kí baba má tún lé òun. Ọ̀nà tí kò ní jẹ́ kóun lanu ló bá a lára mu.

Sísítà tó ń ṣàkóso wọ́ọ̀dù ló bá a gbàṣẹ lọ́wọ́ àwọn aláìsàn, ó ń ṣàlàyé fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan ẹni tó ń bọ̀ àti ohun tó fẹ́ ṣe. Baba, tí kì í gbà fún ẹnikẹ́ni bọ̀rọ̀, gbà kí Sísítà tó sọ̀rọ̀ tán.

Gbogbo èèyàn ló ń lo ìbòmú níbẹ̀, òun sì fa tirẹ̀ dé abẹ́ ojú. Kò pẹ́ tí àwọn nọ́ọ̀sì fi sọ ọ́ ní Alága, nítorí orí àga ló ń wà látàárọ̀.

"Alága, ẹ káàárọ̀ o! Ṣé ká bẹ̀rẹ̀ ìpàdé?"

Lójoojúmọ́ ló ń bá àga náà lápá òsì bẹ́ẹ̀dì baba, ó sì rò pé àwọn tó ń nulẹ̀ ló ń gbé e síbẹ̀. Baba á ti fá irùngbọ̀n, á ti dé fìlà, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó ń wá wò ó. Ọmọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn nọ́ọ̀sì mọ ìtọ́jú. Baba kì í bá a sọ̀rọ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ á kàn wà létí bẹ́ẹ̀dì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún ọmọ, àtẹ́lẹwọ́ á ṣí sókè. Lọ́jọ́ kan, ọmọ mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kí báírò bọ́ kó lè bẹ̀rẹ̀ sún mọ́ ọwọ́ náà. Kò fọwọ́ kàn án. Ó ti pinnu pé lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí, òun á bọ́ ìbòmú, òun á kúnlẹ̀, òun á kí baba òun.

Iṣẹ́ kò tíì parí tó fi dé láàárọ̀ ọjọ́ kan tó bá bẹ́ẹ̀dì lófìfo. Àga ṣì wà níbi tó máa ń wà. Ó jókòó sórí rẹ̀, ó sì bú sẹ́kún.

Sísítà gbọ́wọ́ lé e léjìká. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ọmọ baba."

Ó gbójú sókè. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní wọ́ọ̀dù náà pé baba òun ni.

"Ọjọ́ tí mo dárúkọ yín fún baba ni wọ́n ti ní ká máa fá irùngbọ̀n àwọn láràárọ̀, ká gbé àga sápá ibi tí ọwọ́ àwọn ṣì ń ṣiṣẹ́, wọ́n wá ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún un pé mo ti mọ̀ ọ́n o, kó má baà dìde lọ.'"