Ilé Kejì Ìyáàfin Trezise

Verna Trezise kò fẹ́ débẹ̀ rárá. Báǹkì ló fún un ní nọ́ńbà ilé ìmọ̀ràn náà, lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún un pé bí kò bá wá nǹkan ṣe kí oṣù kẹfà tó parí, àwọn máa gba ilé tó ń gbé lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni ìmọ̀ràn ọ̀hún. Ìjọba ló gbé owó kalẹ̀ fún àwọn ará ìlú láti fi gba olùdámọ̀ràn, torí èlé orí owó tí àwọn èèyàn yá ra ilé ti gòkè, owó ilé gbígbé sì ti tẹ̀ lé e, débi pé àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ń sùn nínú ọkọ̀ létí òkun ní ìlú Port Pirie wọn.

Olùdámọ̀ràn kan ṣoṣo ni owó náà ká. Dean Noack lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í gbé ohùn sókè. Láti ẹnu ọ̀nà ni Verna ti kórìíra rẹ̀.

"Owó orí tí mò ń san ni wọ́n fi ń bọ́ ẹ," ló fi kí i.

"Ẹ jókòó, mà. Ṣé kí n po tíì fún yín?"

"Tíì wà nílé mi. Bí ẹ bá ṣì fi ilé sílẹ̀ fún mi."

"Èmi kì í ṣe báǹkì, mà."

"Ológbò ni báǹkì, ọmọ ológbò ni ẹ̀yin. Eku kan náà lẹ ń pa."

Tìbínú-tìbínú ló fi ro ẹjọ́ rẹ̀. Merv, ọkọ rẹ̀, ló fi ilé tí wọ́n ń gbé dúró lọ́dọ̀ báǹkì kí wọ́n lè ra ìkejì, kí wọ́n máa fi háyà, kó di oúnjẹ ọjọ́ ogbó. Merv kú. Èlé gòkè. Owó tí àwọn ayálégbé ń san kò gbé ilé náà mọ́, nítorí Merv kò fi kún un rí.

"Merv ní wọ́n ní ọmọ," ni Verna wí, ó pòṣé. "Kò sì rí wọn rí o! Èmi náà ò mọ̀ wọ́n. Éjẹ́ǹtì ló ń gbowó, éjẹ́ǹtì ló ń yẹ ilé wò. Mo kàn mọ̀ pé wọ́n ń mu ẹ̀jẹ̀ mi bí ìdun ni."

"Ṣé wọn kì í sanwó ni?"

"Wọ́n ń san. Ṣé kí n wá kúnlẹ̀ kí wọn ni?"

Dean béèrè òpópónà tí ilé náà wà àti ojúlé rẹ̀. Verna sọ ọ́. Dean kọ ọ́ sílẹ̀, ó mu omi, ó sì rọra gbé ife kalẹ̀.

"Mà, ó máa dáa kí ẹlòmíràn bá yín mójú tó ọ̀rọ̀ yìí. Olùdámọ̀ràn kan wà ní ìlú Whyalla."

"Ìgbà wo ló máa rí mi?"

"Ó lè di oṣù keje."

"Oṣù keje! Báǹkì á ti máa yan ẹran nínú àgbàlá mi nígbà yẹn. Mo ti tú àṣírí ara mi níwájú ẹ, mi ò ní tú u níwájú ẹnikẹ́ni mọ́."

"Ìdí kan wà, mà, tí mo fi—"

"Má sọ ìdí kankan fún mi. Ṣiṣẹ́ tí wọ́n ń sanwó ẹ̀ fún ẹ."

Dean ṣe é. Ojú Verna ló ṣe pe báǹkì, ó bá wọn fà á títí wọ́n fi gbà láti ní sùúrù, bí wọ́n bá rí i pé nǹkan kan ń lọ. Ó wá sọ fún un pé bó tilẹ̀ fi kún owó ilé, kò lè tó. Kó ta ilé kejì, kó fi gba èyí tó ń gbé sílẹ̀.

"Pẹ̀lú àwọn ìdun yẹn nínú ẹ̀, àbí láìsí wọn?"

Dean tún wo ojúlé tó kọ sílẹ̀. "Láìsí wọn ló máa yá tà jù."

"Tó bá jẹ́ ìwọ ńkọ́?"

"Tó bá jẹ́ èmi ni mo wà nípò yín, màá tà á."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó ti sú mi. Lóṣooṣù ni wọ́n ń da éjẹ́ǹtì láàmú, pé kí n tún ibí ṣe, kí n tún ọ̀hún ṣe."

"Ti ilé ìwẹ̀ yẹn?"

"Ilé ìwẹ̀, òrùlé, kí ló kàn mí!"

Janelle, éjẹ́ǹtì rẹ̀, fún àwọn ayálégbé náà ní àkókò tí òfin sọ láti kó jáde. Wọn kò jà, wọn kò bẹ̀bẹ̀. Ó dun Verna, torí ó ti mú èébú sílẹ̀ dè wọ́n. Nígbà tó padà lọ bá Dean, Dean ló gba èébú náà.

"Ojú ẹ ti wọnú. Àbí owó ìjọba ò yó ẹ mọ́?"

"À ń wá nǹkan kan nílé, mà, a ò tíì rí i." Ó yẹ ìwé báǹkì wò, ó ní gbogbo rẹ̀ ti ń tò. Ó wá béèrè, láìgbójú sókè, "Ẹ ti ro ibi tí wọ́n máa kó lọ?"

"Kí wọ́n wá bá ẹ. Ṣebí torí irú wọn ni ìjọba ṣe gbà ẹ́ síṣẹ́."

Dean ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ọjọ́ Sátidé ni àwọn tó fẹ́ ra ilé máa wá wò ó. Janelle ní àwọn ayálégbé sábà máa ń jáde fúngbà díẹ̀, àwọn onílé kì í sì í wá. Verna kọtí ikún sí i. Ó fẹ́ rí bí wọ́n ṣe ba ilé òun jẹ́, ó sì fẹ́ sọ ọ́ lójú wọn kí wọ́n tó rí ọ̀nà sá. Kí Janelle tó dé ló ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, tó ń gbá ilẹ̀kùn bí ẹni tí olè kó lẹ́rù.

Dean Noack ló ṣílẹ̀kùn, ọmọdébìnrin kan dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó sì fi ẹsẹ̀ ti páálí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí Verna lè ráàyè kọjá, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Ìyáàfin Trezise, ẹ máa wọlé, a ti ń kó ẹrù."