Ìgbésẹ̀ Tó Kù Lórí Òkè

Mo ń gun òkè lọ nígbà tí ọ̀nà sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi: "Bàbá Ọládiípọ̀, ogún ìgbésẹ̀ ló kù fún yín lọ́dún yìí."

Mo dúró. Ilé tí wọ́n bí bàbá mi sí ṣì jìnnà díẹ̀ lókè. Ọdọọdún ni mo máa ń lọ kí i níbẹ̀. Bí ìgbésẹ̀ tí ọ̀nà fún mi lọ́dún bá tán, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí n tó tún lè gun òkè.

Mojírádé, ọmọ mi obìnrin tó ń bá mi lọ, bú sẹ́rìn-ín. "Mo ní kí ẹ má padà lọ mú fìlà."

"Kí ni ǹ bá ṣí níwájú bàbá mi?"

Ó tú ìborùn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ gun ẹ̀yìn mi. Ẹsẹ̀ tó kanlẹ̀ nìkan ni òfin ọ̀nà ń kà. Tèmi á gbé wa lọ, á gbé wa bọ̀."

"Èmi, àgbàlagbà?"

"Ṣé ẹ̀yin náà ò pọ̀n mí rí ni?"

Ó pọ̀n mí. Àwọn obìnrin tó ń sọ̀ kalẹ̀ rí wa. "Ẹ kú ọwọ́ lómi o!"

Mojírádé dá wọn lóhùn. Èmi fa fìlà bojú.

Lẹ́nu ọ̀nà ilé náà, ó sọ̀ mí kalẹ̀. Mo fẹsẹ̀ ara mi wọlé, mo ṣí fìlà, mo kí bàbá mi.

Ìgbésẹ̀ mọ́kànlá ló kù fún mi.